Ìsọ̀yè fún Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Òjòkú, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwa ọmọ iléèwé bí àsìkò ìdánwò bá ti ń súnmọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà ni ìsọ̀yè. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ gbé ilé dàgbà, ẹ ó mọ̀ pé oògùn tí a ń lò kí ohun tí a bá kọ́ má baà fò lọ lórí ẹni ni ìsọ̀yè í ṣe. Àwọn ọmọ awo a máa lò ó, nítorí pé ẹni tí yóò kó odù 256 sórí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ Ifá tí ẹnikẹ́ni kò kà tán rí, kò ní í fẹ́ fi orí lásán dá a. Ọmọkùnrin kan wà ní agbo ilé wa tí ìwé kò yé. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, wọ́n sì fún un ní ìsọ̀yè lá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi jókòó tí ó ń wo ọ̀ọ́kán. Bí a pè é kò dáhùn, bí a gbé oúnjẹ fún un kò fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi nígbà tí ara ọmọ náà balẹ̀ tán ni pé oògùn náà kò burú, orí ọmọ náà kò sì burú. Wọn kò kàn bèèrè irú èyí tí orí náà yóò gbà ni.

Èmi kò lá ìsọ̀yè rí láyé mi. Kọ̀ǹpútà mi ni mo rà á fún, ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ yẹn kò sì wá sí mi lọ́kàn àfi ìgbà tí ẹ̀pa fẹ́rẹ̀ẹ́ má bóró mọ́.

Ẹ ó rántí pé láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún náà títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì fi da iṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù kò sí, ṣùgbọ́n àyè wà, mo sì pinnu láti fi àyè náà ṣe iṣẹ́ kan tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1994. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ nígbà náà. Mo ti ka ìwé tí Karin Barber gbé jáde ní ọdún 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin Òkukù, Òkukù tí a máa ń là kọjá bí a bá ń ti Ìkìrun bọ̀ wá sí Ọ̀fà, ìwé náà sì mú ìtìjú bá mi. Èèbó ti wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó ti jókòó ti àwọn ìyá Òkukù, ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Èmi ọmọ Òjòkú ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ èrò, mo ń sùn. Nígbà tí a gba ọlidé, mo yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo ra kásẹ́ẹ̀tì 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba wákàtí kan, mo sì lọ jókòó ti ìyàwó tí ó kéré jù nínú àwọn ìyàwó bàbá bàbá mi. Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ mọ̀ pé àwọn obìnrin tí a gbé wọlé gan-an ni oríkì ilé ọkọ máa ń wà lẹ́nu wọn ju àwọn ọmọ bíbí ilé lọ. Ó kì mí, ó ki bàbá mi, ó ki àwọn òkú tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ó sì ń fi ìtàn há a láàárín. Ọdún 1998 ni ó papòdà.

Ní ọdún 2016 mo mú kí wọ́n bá mi da ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn sínú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ikán jẹ àpótí tí mo kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sí, ọ̀rinrin sì bá èyí tí ikán kò jẹ jẹ́. Bí ohùn Màmá Àgbà ṣe wá di ohun tí ó wà ní ibì kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀run nìyẹn, nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí léèrè ìdí tí n kò fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ọdọọdún ni mo máa ń pa á láṣẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Kọ̀ǹpútà náà ń falẹ̀. Bí mo bá ń gbọ́ ohùn, tí mo ń dá a dúró, tí mo ń dà á kọ pẹ̀lú àmì ohùn, tí mo sì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìgbín yóò yára jù ú lọ. Gígábáìtì 4 ni iyè tí ó bá wá láti òkè òkun. Kí n má baà dà bí ẹni tí ń ráhùn láìnídìí, n ó sọ pé kìlóbáìtì 16 péré ni èyí tí ó kéré jù nínú kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde fún ìlò aráyé ní ọdún 1981 ní. Síbẹ̀, ohun tí ó tó bàbá kì í tó ọmọ. Mo lọ sí ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn, mo ní mo ń fẹ́ gígábáìtì 8, èyí tí ó fi ìlọ́po 524,288 ju ti kọ̀ǹpútà ọdún 1981 yẹn lọ. Ọmọkùnrin tí ó ń tà á wo ìdí kọ̀ǹpútà mi, ó ní, “Purofẹ́sọ̀, DDR3 ni. Kò sí èyí tí kò ní í gbà.” (N kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò ta ko ẹni tí ó ń fi oyè dá a lọ́lá?) Ó tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, ó ti pátákó pẹlẹbẹ tuntun náà bọ ojúhò tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ó wọlé wọ̀ọ́rọ́wọ́. Iná kò sí ní àdúgbò náà lọ́jọ́ yẹn, bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ti gbẹ, nítorí náà a kò tàn án wò. Mo sanwó, mo dì í, ó di Òjòkú.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni mo gbé e sórí tábìlì, tí mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ní nílé, tí mo sì tẹ bọ́tìnnì. Fáànù inú rẹ̀ fẹ́. Iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo dúró títí, kò sí nǹkan kan. Kìkì iná kan lórí kííbọ́ọ̀dù ni ó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo pa á, mo tún un tàn, bákan náà ni. Mo di ẹ̀bi ru jẹnẹrétọ̀, mo ní agbára rẹ̀ ni kò ká a. Nígbà tí iná ìjọba dé ní òru, mo dìde, mo gbìyànjú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ náà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan wà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ọn nínú láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Òun ni ó ń kọ́kọ́ jí. Ó máa ń yẹ ara kọ̀ǹpútà wò lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tí ó ti ojú oorun dìde tí ó ń na apá na ẹsẹ̀ bóyá wọ́n pé, ọ̀kan nínú ohun tí ó sì ń kọ́kọ́ wò ni iyè tí à ń pè ní RAM. Bí iyè bá wà, ètò yìí yóò lọ gbé ètò ńlá tí ó ń darí kọ̀ǹpútà láti inú háàdì dísìkì, yóò tẹ́ ẹ sínú iyè, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Bí iyè kò bá dára, kò sí ibi tí yóò tẹ́ ohunkóhun sí. Kò tilẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ hàn lójú ara rẹ̀ láti sọ ohun tí ń ṣe é. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà fi fún un ní ọ̀nà míràn láti fi ké gbàjarè: ẹlòmíràn a máa dún píìpù, píìpù, ẹlòmíràn a máa ṣẹ́jú. Iye ìgbà tí ó dún tàbí tí ó ṣẹ́jú ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ní ti rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Àrokò ni, kò sì sí bí ẹni tí wọn kò bá bá dá àrokò ṣe lè tú u. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ àrokò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo ti fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ hàn wọ́n, mo jókòó síwájú àrokò tòótọ́, n kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń bá mi sọ̀rọ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ mo gbé e lọ sí Ọ̀fà, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, kò tú u. Ó ní, “Dádì, mẹ́mórì yín ló ti lọ.”

Àyà mi já. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìrántí ti lọ, mo sì rí Màmá Àgbà bí ẹni tí ó tún kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi sì ni mo pa á lọ́tẹ̀ yìí. Mo bi í bóyá ọ̀nà kankan wà láti yọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó gbọn ọwọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi fi háàdì dísìkì tuntun sí i, kí òun sì gbé Windows sórí rẹ̀ ní àkọ̀tun. Ó dárúkọ owó kan. Bí mo bá ní owó náà lọ́wọ́ ni, bóyá ǹ bá ti gbà. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ni ó gbà mí.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè dá sílẹ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, mẹ́mórì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń ronú sí, mẹ́mórì náà sì ni ibi tí ó ń kó ẹrù sí. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. RAM kì í tọ́jú nǹkan. Bí iná bá ti lọ báyìí, ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ parẹ́ bí àlá. Háàdì dísìkì ni ó ń fi nǹkan pa mọ́, ì báà ṣe pé iná kò dé fún ọdún kan. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé kí ohun ọ̀tọ̀ ní orúkọ ọ̀tọ̀ ní èdè wa. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe RAM ní “ìrántí”. N kò fara mọ́ ọn. Iyè ni ó yẹ kí á pè é, nítorí pé iyè a máa ṣí, iyè a máa ra, iyè a sì máa fò. Kí á wá pe háàdì dísìkì ní àká, níbi tí a ń kó ọkà sí de ọdún tí ń bọ̀. Bí ọmọkùnrin Ọ̀fà yẹn bá ti sọ fún mi pé “iyè rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, àká kò bàjẹ́,” n kò ní í fi omi ojú wọ ọkọ̀ padà sí Òjòkú. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: n kò sọ fún un pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan kún kọ̀ǹpútà náà. Ojú ń tì mí láti sọ pé mo ra nǹkan tí n kò yẹ̀ wò. Aláìsàn tí ó pa àìsàn mọ́ fún oníṣègùn, ta ni yóò wò ó sàn?

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan wà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléèwé gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀fà. Ó wá kí wa nílé ní ọjọ́ Sátidé. Ó bá mi níbi tí mo fọwọ́ lẹ́rán. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Bàbá Ìbàdàn, kí ni ẹ yí padà nínú rẹ̀ kí ó tó di pé kò tàn mọ́?”

Mo kà á fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ó ṣe dáadáa. Ó ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó yọ okùn iná, ó yọ bátìrì, ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí agbára tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Ó tú ìdí rẹ̀. Ó fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé kí ó tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó ní mànàmáná tí ó wà lára ènìyàn, tí ẹni náà kò tilẹ̀ mọ̀, tó láti ba ohun inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Ó yọ iyè tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ ti àtijọ́, ó fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu ẹnu rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, ó fẹ́ ekuru inú ojúhò náà dànù, ó dá a padà sí ààyè rẹ̀ títí ó fi dún “kọ̀”. Ó ní, “Ó yá, Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Ohun gbogbo wà níbi tí mo fi wọ́n sí. Mo rí àwọn orúkọ tí mo fi pe àwọn fáìlì náà, Màmá Àgbà 1 títí dé 6, mo sì dìde kúrò nínú yàrá fún ìgbà díẹ̀, kí ọmọ má baà rí mi.

Nígbà tí mo wọlé padà, ó ti to iyè méjèèjì sórí tábìlì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Ó ní kí n wò ó. Lára ti àtijọ́, wọ́n kọ PC3L-12800S. Lára tuntun, wọ́n kọ PC3-12800S. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí L. Ó ṣàlàyé fún mi pé ó ní irú iyè tí a kò lè fi ti òmíràn rọ́pò, nítorí pé ibi tí wọ́n gé kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ sí lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀. DDR4 kò lè wọ ojúhò DDR3 láéláé. Ṣùgbọ́n DDR3 àti DDR3L, ibì kan náà ni wọ́n gé lẹ́nu, ìdí sì nìyẹn tí tuntun náà fi wọlé wọ̀ọ́rọ́wọ́. Agbára iná tí wọ́n ń fẹ́ ni kò dọ́gba: fóòtì 1.5 ni ọ̀kan, 1.35 ni èkejì. Kọ̀ǹpútà tèmi, 1.35 nìkan ni ó ń fún iyè rẹ̀. Ebi ń pa àlejò, kò lè ṣiṣẹ́. Onílé náà kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí àlejò.

Létà kan ṣoṣo ni o! Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mo ń fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ dẹ́rù bà wọ́n, tí mo ń gé máàkì ẹni tí kò fi àmì sí i. Àwọn ọmọ a máa kùn, wọ́n a ní ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí àwọn ń sọ. Mo ti bá àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà pàápàá jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní ọkàn mi. Títí di òní, nínú ètò Unicode tí gbogbo ayé fi ń kọ̀wé, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí á tó rí ọ́ tàbí ẹ̀ kọ, àfi kí á gbé àmì méjì jókòó lé ara wọn. Èmi tí mo ń ja ìjà àmì káàkiri yìí kan náà ni mo dúró ní ilé ìtajà tí n kò ka àmì.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo gbé iyè náà lọ fún ẹni tí ó tà á fún mi. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. “Purofẹ́sọ̀, ṣé torí létà kan ṣoṣo?” Ó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, mo fi owó díẹ̀ kún un, èyí tí ó ní L náà sì ń ṣiṣẹ́ di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Kọ̀ǹpútà náà kò falẹ̀ mọ́. Mo tún ti ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré ṣíwájú ìtàn mi. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé náà, iná wà. Ọmọ náà ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí ó mú Bàbá Ìbàdàn sunkún (ó ti rí mi nígbà náà). Mo gbé kọ̀ǹpútà náà síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tan fáìlì kìn-ín-ní. A kọ́kọ́ gbọ́ adìyẹ tí ó ń ké, a gbọ́ odó tí wọ́n ń gún ní ọdún 1994, lẹ́yìn náà ni Màmá Àgbà wúkọ́, tí ó sì bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹ̀rọ náà ti ń gbọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí kì í dákẹ́, dákẹ́. Àwọn ọmọdé tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí ń bèèrè ibi tí ìyá náà wà.

Bí ó ti ń ki bàbá bàbá mi lọ, ó dé ibi ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ àbúrò mi na ọwọ́, ó dá ohùn náà dúró, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́.

“Bàbá Ìbàdàn, kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yìí?”

N kò mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ ọ́n ní ọdún 1994 náà. Mo rò pé n ó padà wá bi í. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, òun náà mi orí. Ó ní ó yẹ kí ìyàwó ilé kan mọ̀ ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ń dárúkọ wọn ni ó ń rántí pé wọ́n ti kú. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí mo ti gbọ́ ọ, mo fi àmì ohùn sórí rẹ̀, mo fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì tún tẹ ohùn náà kí ó máa lọ.